Òkè Tí Ẹnikẹ́ni Kò Lé Wa Gùn

Tí ẹ bá ń gbé ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà níhìn-ín, láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí ẹnikẹ́ni tó bi yín bóyá ẹ jí dáadáa, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín níbi iṣẹ́ ni pé: "Òkè wo lo gùn lópin ọ̀sẹ̀?" Wọn kò bi yín bóyá ẹ gun òkè o. Èwo lẹ gùn ni wọ́n ń bèèrè. Ẹ wá ní ẹ sùn ni, ẹ fọṣọ, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ yà níbi ìkómọ ní Aurora, ẹ jẹ iyán. Wọ́n á wò yín sùn-ùn, wọ́n á ní, "Ó dáa náà, ara nílò ìsinmi," pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé.

Kì í ṣe pé àwa Yorùbá bẹ̀rù òkè. Ẹ lọ bi àwọn Ẹ̀gbá. Nígbà tí ogun gbóná, abẹ́ Olúmọ ni wọ́n sá sí ní 1830, àpáta yẹn sì gbà wọ́n. Àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè títí ó fi sú wọn, kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Títí di òní olónìí, ẹni tó ń wá ọmọ, ẹni tó ń wá ọkọ, ẹni tó ń wá físà, á gbé kẹ́ẹ̀gì omi, á ká ẹní, ó di orí òkè, ó di ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ogun tàbí àdúrà. Òkè ní iṣẹ́ tó ń bá wa ṣe. Ṣùgbọ́n kí ara èèyàn le, kí ilé rẹ̀ tòrò, kí owó oṣù ti wọlé, kó wá dìde lóru Sátidé lọ pọ́n òkè nítorí òdòdó? Ẹ gbà mí.

Ọ̀gá mi ló fà mí lọ. Obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni, ó ti ní ọmọ-ọmọ, ó sì ní orúkọ òun gan-an ni kí n máa pè é. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. "Mà" ni mò ń pè é, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, débi pé ọmọkùnrin kan níbi iṣẹ́ ti bi mí bóyá ìyá ìyàwó mi ni.

Ọ̀nà tí òun àtàwọn ará ibi iṣẹ́ wa yàn ń jẹ́ West Maroon Pass, láàárín ìlú Crested Butte àti Aspen. Tí ẹ bá gbé mọ́tò láti Crested Butte dé Aspen, ó tó nǹkan bí 100 máìlì, nítorí òkè dí àárín, mọ́tò gbọ́dọ̀ yí i po. Tí ẹ bá fẹsẹ̀ rìn, kò ju nǹkan bíi máìlì 11 lọ. Ọlọ́gbọ́n ni mí, mo ṣírò ó: 11 kéré sí 100. Ohun tí wọn kò tètè sọ fún mi ni pé òkè tó dí mọ́tò lọ́nà yẹn náà la máa gùn, pé ọrùn òkè ọ̀hún, níbi tí a ti máa bọ́ sí òdìkejì, ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 12,500. Èmi tí wọ́n bí sí Mushin.

Mo bi wọ́n pé, mọ́tò wá ńkọ́? Tí a bá fẹsẹ̀ rìn dé Aspen, ṣebí Crested Butte ni mọ́tò ṣì wà? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní wọ́n ti rí ọgbọ́n dá sí i tipẹ́. Wọ́n á pín ara wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ láti Aspen, àwọn kan láti Crested Butte. Tí wọ́n bá pàdé lórí òkè, wọ́n á pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, oníkálukú á sọ̀kalẹ̀ lọ wa mọ́tò ẹlòmíràn wálé.

Ẹni tó ń gbé Èkó lè má gbọ́ mi yé, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Mọ́tò tí a máa gbé lọ sí ìhà Crested Butte gbọ́dọ̀ ga nílẹ̀, nítorí ọ̀nà ibẹ̀ kò dáa. Ta ni mọ́tò rẹ̀ ga nílẹ̀? Èmi. Highlander mi, tí mo ṣì ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ni mo máa gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún ọmọkùnrin kan ní ẹ̀ka ìṣirò owó, ẹni tí mi ò bá sọ ju "báwo ni" lọ rí, lórí òkè tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Lálẹ́ ọjọ́ Fúráìdé, mo kó bọ́ọ̀tù mọ́tò mi jáde pátápátá: àpò gààrí, kúlà méjì, aṣọ ẹbí tí a kò tíì pín. Bíbélì nìkan ni mo fi sílẹ̀ níwájú, kí ọmọkùnrin náà lè mọ̀ pé Ẹnìkan ń wo òun.

Ìyá Dámi ní òun ò lọ. "Bàbá Dámi, ilẹ̀ títẹ́jú tí Ọlọ́run dá, mi ò tíì rìn ín tán." Ó di ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù sínú fúláàsì fún mi, ó fi dòdò àti ẹran díńdín lé e, ó ní tí wọ́n bá ti ń pín ẹ̀pà, kí n rántí pé mo ní ilé.

A gba Gothic kọjá, ìlú àwọn tó ń wa fàdákà láyé àtijọ́, tí wọ́n pa tì. Láti 1928 làwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti gba ibẹ̀ ṣe ibùdó ìwádìí. Ọ̀gá mi ní ẹranko kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ marmot, láti 1962 ni wọ́n ti ń ṣọ́ ọ: wọ́n mọ èyí tó bí èyí, wọ́n mọ ìgbà tó jí, wọ́n mọ ìgbà tó wọ ihò sùn. 1962! Nàìjíríà kò tíì pé ọdún 2 tó gba òmìnira. Kò sẹ́ni tó ṣọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, àyàfi àwọn tó fún mi ní físà.

Mo sì rí marmot yìí lójú ara mi. Ó sanra. Ó jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, ó káwọ́ sí àyà, ó ń wò mí. Tó bá jẹ́ lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ ni, wọn ì bá ti so ó rọ̀ sórí ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀yà kí mọ́tò wa tó dúró. Mo sún mọ́ ọn díẹ̀. Ó súfèé! Gbogbo àwọn ẹbí rẹ̀ sá wọ ihò lẹ́ẹ̀kan náà. Ìròyìn wa ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀gá mi wá ní kí n má gbé bàgì mi sílẹ̀ o, pé ẹranko náà fẹ́ràn iyọ̀, tó bá ti gbóòórùn òógùn lára okùn bàgì, á jẹ ẹ́ tán. Ẹ ò rí i? Mo dé ìlú tí ẹran ìgbẹ́ ti ń wá èmi jẹ.

Mi ò ní parọ́, òdòdó yẹn pọ̀. Yìnyín kì í tètè kúrò lórí òkè wọ̀nyẹn, ó lè wà níbẹ̀ títí di oṣù kẹfà, ìgbà tí ilẹ̀ ní láti fi hu nǹkan kò sì pọ̀ rárá. Gbogbo òdòdó á wá yọ pọ̀ ní oṣù keje, kò sí èyí tó dúró de ìkejì: pupa, yẹ́lò, búlúù, funfun, bí ìgbà tí ẹbí mẹ́fà pàdé níbi òkú àgbà tí oníkálukú sì wọ aṣọ ẹbí tirẹ̀. Àwọn kan ga dé àyà mi. A ń rìn láàárín wọn, kòkòrò oyin ń kọrin, mo sì ń retí ìgbà tí ẹnìkan máa sọ ohun tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe. Ẹ mọ̀ wá. Ewé kì í kàn wà. Èwo ló ń wo ibà? Èwo là ń sè?

Mo rí ọ̀kan tí ewé rẹ̀ fẹ̀, tó jọ̀lọ̀, tó ní ìlà gbọọrọ. Inú mi dùn. Mo ní èyí ló yẹ kí a máa fi pọ́n mọ́ínmọ́ín ní Aurora, tí a fi bọ́ nínú ọwọ́ agolo. Ọ̀gá mi ní kí n má ṣe dán an wò. Corn lily ni wọ́n ń pè é, májèlé ni. Ní Idaho, nígbà kan, àwọn àgùntàn tó lóyún jẹ irú ewé náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bí ọmọ olójú kan, ojú ọ̀hún sì wà láàárín orí gbọ̀ngbọ̀n. Olójú kan! Ó tún ní àwọn onímọ̀ tú ohun tó wà nínú ewé náà wò, ibẹ̀ ni ọ̀nà oògùn kan fún jẹjẹrẹ ti là. Mo ní, Mà, ẹ ò ṣe ti sọ̀rọ̀ láti àárọ̀? Ìyẹn ni mo ń bèèrè. Ewé ní iṣẹ́.

Òmíràn wà tí wọ́n ń pè ní columbine. Òun ni òdòdó ìpínlẹ̀ Colorado láti 1899. Wọ́n ní búlúù rẹ̀ jẹ́ ti ojú ọ̀run, funfun rẹ̀ jẹ́ ti yìnyín, yẹ́lò rẹ̀ sì jẹ́ ti góòlù. Òfin wà fún un láti 1925: ẹ kò gbọdọ̀ hú u lórí ilẹ̀ ìjọba, ẹ kò sì gbọdọ̀ já ju 25 lọ lóòjọ́. Òdòdó yìí ní òfin, ìjọba mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó lè lé e. Mo mọ àwọn èèyàn wa ní Aurora tí wọ́n ti ń wá ìdajì irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó pẹ́.

Níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ lẹ́bàá omi, òdòdó wẹ́wẹ́ kan wà tó ń jẹ́ orí erin. Mo rò pé wọ́n ń ṣàwàdà ni, àfi ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Orí erin ni lóòótọ́! Etí méjì, iwájú orí, ọwọ́jà tó ká sókè, gbogbo rẹ̀ kò tó èékánná àtàǹpàkò mi, ogunlọ́gọ̀ wọn sì wà lórí igi òdòdó kan ṣoṣo. Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Èyí tèmi, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà kí n tó rí i, mi ò sì lè dìde mọ́.

Nítorí ìgbà yẹn ni òkè gan-an bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà náà kò lọ tààrà mọ́, ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, òkúta wẹ́wẹ́ ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà lókè yẹn kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti Èkó lọ. Ẹ mí sínú, ẹ ò rí nǹkan kan gbà. Ọ̀gá mi wà níwájú, ó ń sọ ìtàn ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Wọ́n ní òfin kan níbẹ̀ tó jẹ́ ti ìwà ọmọlúàbí: ẹni tó ń gòkè ló ni ọ̀nà, ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yà. Gbogbo ẹni tó ń bọ̀ lókè ló ń dúró tìtorí mi. Wọ́n á fara ti ẹ̀gbẹ́ òkè, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí n máa bọ̀. Ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run, ẹ dí mi lọ́nà! Ìdúró ni mò ń wá. Tí èèyàn mẹ́jọ bá tò sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí wọ́n ń dúró dè yín, ẹ ò lè sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ kú díẹ̀. Mo rìn ín. Mo fi eyín kí wọn, nítorí ohùn ti tán.

"Yára díẹ̀," ni ọ̀gá mi sọ, ó tọ́ka sí ìkùukùu kan tó dúdú ní ìsàlẹ̀. Ó ní àrá máa ń sán níbẹ̀ lọ́sàn-án ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, mànàmáná sì ti pa èèyàn lórí àwọn òkè Colorado, pé kí aago méjìlá tó lù, kí a ti kúrò lókè. Alàgbà ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ṣàdédé sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Kábíyèsí, ọba kò so." Ẹsẹ̀ mi sì yá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

A dé orí rẹ̀. Ní òdìkejì, òkúta pupa ni gbogbo òkè, yìnyín díẹ̀ ṣì wà nínú pàlàpálá, lóṣù keje. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wò ó. Wọ́n yọ ẹ̀pà. Mo ṣí fúláàsì.

Mi ò mọ bí atẹ́gùn ṣe ń gbé òórùn jọ̀lọ́ọ̀fù ní ẹsẹ̀ bàtà 12,500, ṣùgbọ́n àwọn tí mi ò mọ̀ rí náà bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi. Àwọn ará Aspen wa dé, ọmọkùnrin ẹ̀ka ìṣirò owó wà láàárín wọn. Mo bu tirẹ̀ fún un, mo fi ẹran méjì lé e. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ṣíbí. Ìgbà yẹn ni mo tó yọ kọ́kọ́rọ́ fún un. Kò lè sá lọ mọ́, ó ti jẹ iyọ̀ mi.

Ìsọ̀kalẹ̀, mi ò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ bi orúnkún mi.

Nígbà tí a wọ Aspen, fóònù mi jí. Màámi ti pè títí.

"Àkànní, níbo lo wà láti àárọ̀?"

"Ẹ má bínú, Màámi. Orí òkè ni mo wà."

"Orí òkè? Ṣé wọ́n fẹ́ lé yín kúrò nílùú ni?"

"Rárá, Màámi."

"Iṣẹ́ ti bọ́?"

"Iṣẹ́ ò bọ́. Àwọn ará ibi iṣẹ́ la jọ lọ."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Àwọn òyìnbó náà ti ń lọ sórí òkè? Ọlọ́run, o ṣeun. Ààwẹ̀ ọjọ́ mélòó lẹ gbà?"

"A ò gbààwẹ̀, Màámi. A jẹun. Òdòdó la lọ wò."

"O gun òkè, o dé ṣóńṣó rẹ̀, o sì sọ̀kalẹ̀, o ò dárúkọ ẹnìkankan?"

"Màámi, èémí ò tó."

"Èémí tó láti jẹ ìrẹsì." Ó mí kanlẹ̀. "Ìgbà wo lẹ tún ń lọ?"

Kí n tó di bẹ́líìtì, WhatsApp ti wọlé. Orúkọ ló kọ ránṣẹ́, pẹ̀lú ohun tí oníkálukú ń wá. Bùsọ́lá, físà. Bọ̀dá Láńre, ẹjọ́ ilẹ̀. Ìyá Ìbejì, orúnkún. Pásítọ̀, jẹnẹrétọ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó ní kí n bi ọ̀gá mi bóyá òun náà ní ohun tí wọ́n máa bá a fi sí i.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ronú díẹ̀, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kí n kọ orúnkún fún òun náà.