Ìfun ewúrẹ́ tó ń yí lẹ́yìn ikú: kì í ṣe ẹ̀mí

Ẹ̀gbọ́n, òkun o. Ẹ ní ìfun ewúrẹ́ tí wọ́n pa níbi ìnáwó ní Kàbà ṣì ń yí nínú báàfù torí pé ẹ̀mí ẹran náà kò tíì jáde, pé ọpọlọ nìkan ló ń pàṣẹ fún ìfun, kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ti fọ ìfun títí nílé wa ní Ìsánlú; mo mọ bó ṣe ń lọ́ bí ekòló lọ́wọ́ èèyàn, tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ìfun ní iṣan ìmọ̀lára tirẹ̀, tó ta bí àwọ̀n sáàárín ìpele ẹran méjì tó wà lára rẹ̀. Bí oúnjẹ bá fẹ̀ ẹ́, iṣan tó wà lẹ́yìn oúnjẹ náà á tú acetylcholine, èròjà kan tí iṣan fi ń ránṣẹ́, jáde, ibẹ̀ á sún kì. Ti iwájú á tú nitric oxide, èròjà mìíràn tí iṣan fi ń ránṣẹ́, jáde, ibẹ̀ á dẹ̀. Bẹ́ẹ̀ loúnjẹ ṣe ń lọ, bí omi inú ọ̀rá tí ọmọdé ń fún. Lọ́dún 1899, Bayliss àti Starling, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gé iṣan tó ti ìta wọ ìfun ajá. Ìfun náà kò ṣíwọ́ títi nǹkan lọ.

Ọpọlọ lọ́wọ́ sí i ṣá: bí ẹ̀rù bá bà wá, noradrenaline, èròjà tí iṣan ń tú jáde nígbà ìbẹ̀rù, máa ń dẹ ìfun kékeré. (Èyí tó ń lé ẹlòmíràn dé ṣálángá, ìfun ńlá ni, òun ló ń yára nígbà náà.)

Ti ewúrẹ́ yín, bí agbára tó ṣẹ́kù lára ẹran ìfun bá tán, á dákẹ́. Ẹ fi iyọ̀ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sè é dáadáa.