Pọ́ńpù sólà, fóònù àti omi àkùrọ̀: ṣé yóò ṣe wá lóore àbí yóò dá ìjà sílẹ̀?

Ọmọ Àkùrọ̀ (Adó): Ẹ̀yin ará Èkìtì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ibi tí mo bá yíjú sí báyìí, wọ́n á ní fóònù, sẹ́ńsọ̀ (ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ bí ilẹ̀ ṣe tutù sí) àti pọ́ńpù sólà ló máa gba àgbẹ̀ là láwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà bíi tiwa, pé omi tí à ń fi ṣòfò á dín kù. Omi yẹn pọ̀ lóòótọ́ o, FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ní nínú omi tí ọmọ aráyé ń fà lódò àti lábẹ́ ilẹ̀, bí ìdá 70 nínú 100 ló ń bá oko lọ. Èmi ń gbin tòmátò àti ata sí àkùrọ̀ lẹ́ẹ̀rùn, owó epo tí mò ń rọ sí pọ́ńpù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ èrè mi tán. Ṣé kí n ra sólà àbí kí n fi í sílẹ̀?

Káyọ̀ Tẹ́ẹ̀kì: Ẹ̀gbọ́n, ẹ rà á lónìí, ẹ má dúró dọ̀la! Tẹ́ ẹ bá ti rà á tán, oòrùn ò ní wá gbowó lọ́wọ́ yín. Ní Kenya àwọn àgbẹ̀ kan ń fi M-Pesa san owó pọ́ńpù sólà díẹ̀díẹ̀ lórí fóònù, M-Pesa yẹn sì ti wà láti 2007. Àwa náà ṣebí a ti fojú rí i, lọ́dún 2012 nígbà tí Adesina jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, orí fóònù ni wọ́n ń gbà fi ìwé àṣẹ tí àgbẹ̀ á fi gba ajílẹ̀ àti irúgbìn ránṣẹ́ sí wọn, fóònù tọ́ọ̀ṣì lásán sì ni ọ̀pọ̀ fi gbà á.

Bàbá Ọ̀mùò: Káyọ̀ ọmọ mi, o ṣé, ṣùgbọ́n ṣé inú oko lo ti ń tẹ èyí ni àbí inú yàrá tí fáànù ti ń fẹ́ ọ? Lóko tèmi, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wọlé, àfi kí n gun òkìtì ògán tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, kí n na fóònù sókè bí ẹni tó ń juwọ́ sí bàálù. Ilẹ̀ tí mo ti ń kọ ebè sí láti kékeré, ṣé ẹ̀rọ ló máa wá sọ fún mi pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́? Mo máa ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ ni, ọwọ́ á sì sọ fún mi.

Káyọ̀ Tẹ́ẹ̀kì: Mo dọ̀bálẹ̀ sà. Ṣùgbọ́n Bàbá, ibo ni ọwọ́ ń dé? Gbòǹgbò tòmátò ń lọ jìnnà ju ìka lọ. Àwọn onímọ̀ CSIRO, àjọ ìwádìí ìjọba Australia, ní iṣẹ́ kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013 ní Zimbabwe, Mozambique àti Tanzania, ẹ̀rọ tí wọ́n gbé dání ń jẹ́ Chameleon. Wọ́n á ri sẹ́ńsọ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀kan á wà lókè, ọ̀kan á jìn díẹ̀, ọ̀kan á jìn gan-an, iná á wá máa tàn. Tó bá tan búlùú, ilẹ̀ tutù dáadáa, tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, ó wà bó ṣe yẹ, tó bá pọ́n, ó ti gbẹ. Ẹni tí kò kàwé rárá á mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀ wá rí i pé àwọn ti ń bomi rin oko jù, omi yẹn ló sì ń fọ ajílẹ̀ lọ sísàlẹ̀ kọjá ibi tí gbòǹgbò lè dé. Wọ́n dín omi kù, irè tún pọ̀ sí i.

Bàbá Ọ̀mùò: Hẹn-ẹn. Oníná yẹn mo gbọ́, ìyẹn tí kò bá ti ní béèrè dátà lọ́wọ́ mi. Èló ni?

Ọmọ Èkìtì n'Ìbàdàn: Bàbá ti ń yọ́ o 😂😂 Èmi ò mọ̀ nípa sẹ́ńsọ̀, tòjò ló jẹ mí lógún. Ọdọọdún ni NiMet, àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde, ìgbà tí òjò máa bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó máa dá, síbẹ̀ àwọn èèyàn wa á gbin àgbàdo sí òjò àkọ́rọ̀ oṣù kẹta, oòrùn á sì jó gbogbo ẹ̀. Kí wọ́n máa kà á lórí rédíò lédè Èkìtì, kí ló le níbẹ̀?

Ẹlẹ́kànga (Ìkẹ́rẹ́): Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi torí iṣẹ́ mi ni. Omi abẹ́ ilẹ̀ Èkìtì kì í ṣe adágún tẹ́ ẹ lè máa fà láìdúró. Ẹ wo àpáta Ọlọ́sunta níbí, irú òkúta bẹ́ẹ̀ ló wà lábẹ́ wa káàkiri, ibi tó bá ti sán tàbí tó ti jẹrà nìkan lomi ń sá pamọ́ sí. A lè gbẹ́ kànga ká rómi, ká sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ká má rí nǹkan kan. Ẹ wá wo India, àwọn ló ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ jù lọ láyé, ìjọba wọn sì tún bẹ̀rẹ̀ ètò pọ́ńpù sólà tí wọ́n ń pè ní PM-KUSUM lọ́dún 2019, ohun tó wá ń kọ àwọn onímọ̀ lóminú ni pé tí fífa omi ò bá náni ní kọ́bọ̀ mọ́, ta ló máa rántí pa pọ́ńpù? Epo náà ńkọ́, tó bá ti ń jó, owó ẹ ló ń jó, wàá sáré pa á. Kódà rọ́bà tó ń kán omi tó tó tó sí ìdí ewéko, ó ń ṣọ́ omi lò lóòótọ́, àmọ́ omi tó bá ṣẹ́kù sọ́wọ́ àgbẹ̀, ebè tuntun ló máa kọ sí i.

Ìyá Elẹ́fọ̀ọ́ (Ìkọ̀lé): Ẹ má wulẹ̀ lọ sí India, ẹ wá wo odò tiwa. Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, ọ̀gá kan tó dáko sókè odò gbé pọ́ńpù sólà wá, kò burú, owó ẹ̀ ni. Bí oòrùn bá ti là ló ti ń fà á, kò sì ní pa á títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tó bá fi máa di ìyálẹ̀ta, ibi tí mo ti ń ri wọ́tà-káànù bọ omi tẹ́lẹ̀, iyanrìn ló kù, igbá la fi ń ha á. Tẹ̀tẹ̀ mi rọ, ewédú ò tíì léwé tó fi ń yọ òdòdó. Mo lọ bá a, ó gbé fóònù sí mi lójú, ó ní áàpù sọ pé ilẹ̀ òun ṣì ń fẹ́ omi. Áàpù ò sì purọ́ o! Ilẹ̀ tiẹ̀ nìkan ló ń wò, kò mọ̀ pé ẹnì kan wà nísàlẹ̀.

Káyọ̀ Tẹ́ẹ̀kì: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ṣùgbọ́n èèyàn ló jẹ̀bi, ẹ̀rọ ò jẹ̀bi. Mítà wà tí wọ́n lè so mọ́ pọ́ńpù, á máa ka iye lítà tó ń fà, á sì fi ránṣẹ́ sí fóònù gbogbo ẹni tó ń lo odò yẹn, kẹ́ ẹ wá pín ọjọ́ láàárín ara yín.

Ìyá Elẹ́fọ̀ọ́ (Ìkọ̀lé): Ta ló máa so ó? Ṣé òun ló máa fowó ara ẹ̀ ra ohun tó máa tú àṣírí ẹ̀? Àwa tá à ń ru omi, kò sí ẹni tó ní sẹ́ńsọ̀ nínú wa. Ẹ kọ́kọ́ fi mítà sí tiẹ̀ ná, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá bá mi sọ̀rọ̀ iná búlùú.

Bàbá Ọ̀mùò: Ìyá sọ̀rọ̀. Láyé wọ́tà-káànù, ẹni tó bá rọ omi títí, apá á ro ó, á lọ jókòó, odò náà á sì sinmi. Pọ́ńpù ò ní apá.

Ọmọ Àkùrọ̀ (Adó): Ẹ ṣé gan-an o. Bó ṣe wà yìí, ohun tí mò ń rò ni pé kí àwa tá a jọ wà létí odò yìí dá owó jọ ra pọ́ńpù kan, kó máa fa omi sí táǹkì, ká máa gbà á ní táǹkì ní ọjọ́ tó bá kan kálukú. Táǹkì tó bá ti gbẹ ti gbẹ nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa tún tan pọ́ńpù lọ́jọ́ yẹn.

Bàbá Ọ̀mùò: Ó dáa. Ta ló máa mú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ dání?

Ìyá Elẹ́fọ̀ọ́ (Ìkọ̀lé): Obìnrin ni kẹ́ ẹ fún. Ọkùnrin á fi fọ mọ́tò.

Káyọ̀ Tẹ́ẹ̀kì: Háà, màámi 😂 ọ̀kadà ni mo ní o.