Òfin Tuntun Kì í Ṣe Ọ̀tá Ọmọ Tí Kò Lórúkọ

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún 2024, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta lónìí.

Nígbàkígbà tí NFL, àwọn tó ni ìdíje bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń há sábíyá sáré, bá ti yí òfin kan padà, ariwo á sọ láàárín àwa tí a jọ ń wò ó ní Houston níbí. "Wọ́n ti ba eré yìí jẹ́! Wọn ò jẹ́ kí ọkùnrin ṣe bí ọkùnrin mọ́!" Èmi náà ti pa irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí ojú mi rí nínú ẹbí wa ló yí mi lọ́kàn padà. Lójú tèmi, ọjọ́ tí òfin bá yí ni ọmọ tí kò lórúkọ máa ń rí ibi fẹsẹ̀ lé nínú kàǹpù.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé tí ẹ ò mọ bí kàǹpù yẹn ṣe rí, ẹ gbọ́. Níparí oṣù keje, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á kó agbábọ́ọ̀lù tó tó 90 jọ. Kí oṣù kẹjọ tó parí, 53 péré ni wọ́n máa mú. Àwọn bíi 16 sí i lè rí àyè nínú practice squad, ìyẹn àwọn tó ń bá ẹgbẹ́ ṣe ìgbáradì láìsí lára àwọn 53. Kí àwọn tó kù di ẹrù wọn. Gbogbo ìgbà yẹn, owó tó wà nínú ìwé àdéhùn wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, owó táṣẹ́rẹ́ kan ni wọ́n ń fún wọn títí ìdíje gidi á fi bẹ̀rẹ̀.

Ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lára àwọn 90 ẹgbẹ́ kan lọ́dún 2024. Mi ò ní dárúkọ òun, mi ò sì ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà. Kò sẹ́ni tó mú un nígbà tí wọ́n ń ṣa àwọn ọmọ yunifásítì. Níbi tó ń gbá, àwọn tó ti lówó, tó ti lórúkọ, ló tò síwájú rẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀ fún un: special teams, àwọn tó ń jáde nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù.

Àwọn kan nínú wa máa ń fojú kékeré wo iṣẹ́ yẹn. Ẹ bi mí léèrè nípa Brendon Ayanbadejo, ọmọ Yorùbá ni bàbá rẹ̀. Ó kúrò ní UCLA lọ́dún 1999, ẹgbẹ́ kankan ò ṣà á. Ó gbá a dé Kánádà, ó gbá a dé Yúróòpù, kí Miami tó fún un láyè ní 2003. Special teams yìí náà ló sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n pè sí Pro Bowl, eré àwọn tó dára jù lọ, lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ Baltimore nígbà tí wọ́n gba Super Bowl, ìyẹn àṣekágbá NFL, ní oṣù kejì ọdún 2013. Adewale Ogunleye náà, orúnkún tó bà jẹ́ ní yunifásítì ni kò jẹ́ kí wọ́n ṣà á ní 2000. Nígbà tó máa di 2003, òun ló ń wó ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ bí ẹní ń wó ògiri, ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún ní sáà kan. Ẹnu ọ̀nà tó há ni gbogbo wọn gbà wọlé.

Kickoff, ìyẹn ìgbà tí ẹgbẹ́ kan á fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù sí èkejì kí ẹni tó gbà á lè gbé e sáré padà, gan-an ni òfin wá kàn ní 2024. Tẹ́lẹ̀, àwọn mẹ́wàá á ti ọ̀nà jíjìn sáré tete bọ̀, àwọn mìíràn á sáré pàdé wọn, wọ́n á kọlu ara wọn bí àgbò. Ọpọlọ àwọn ọmọ olọ́mọ ni wọ́n fi ń ṣeré. Wọ́n tún òfin yẹn ṣe ní 2009, ní 2011, ní 2018, títí tí kickoff fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú pátápátá. Nínú Super Bowl tí wọ́n gbá ní Las Vegas ní oṣù kejì 2024, kò sí ẹyọ kan tí ẹnikẹ́ni gbé sáré padà. Bí kickoff bá kú, kí ni irú ọmọ tiwa fẹ́ fi wọlé?

Oṣù kẹta ọdún yẹn ni àwọn olówó ẹgbẹ́ dìbò, 29 nínú 32 fọwọ́ sí òfin tuntun, tí wọ́n mú ìpìlẹ̀ rẹ̀ láti XFL, ìdíje bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà mìíràn. Bó ṣe rí nìyí: ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù nìkan ló máa dúró lẹ́yìn ní ìlà yáàdì 35 tiwọn. Àwọn mẹ́wàá tó kù á lọ tò sí ìlà 40 àwọn alátakò, wọ́n á kẹ̀yìn sí ẹni tó ń gbá a. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò gbọdọ̀ mira títí bọ́ọ̀lù á fi kanlẹ̀ tàbí kan ọwọ́ ẹni tó ń dúró dè é. Bí o bá gbéra kó tó àsìkò, aṣọ yẹ́lò tí rẹfirí fi ń sọ pé o ṣẹ̀ ti balẹ̀.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nígbà náà. Wọ́n ní kí ẹni tó fi eré sísá jẹun dúró bí igi.

Lọ́jọ́ Sunday kan nínú oṣù kẹfà, mo yà sílé ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn ìsìn. Mo bá a lẹ́yìn ilé, gèlè ṣì wà lórí rẹ̀, ó ti sán ìró rẹ̀ mọ́dìí, ó gbé bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ dúró síwájú rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí i. Wọ́n ní kí èmi lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán kí n máa gba bọ́ọ̀lù. Ẹ̀gbọ́n mi á jù ú gba orí ọmọ rẹ̀ kọjá, á sì pariwo pé, "Má mira o! Mo ní o ò gbọdọ̀ mira!" Nígbà àkọ́kọ́, ọmọ náà gbójú sókè wo bọ́ọ̀lù, ó sì pẹ́ kó tó gbéra. Nígbà kejì, ó yá jù. Bí ẹ̀ẹ̀kẹwàá ló wá sọ fún mi pé, "Àǹkù, ẹ má sáré na ọwọ́ yín o. Ọwọ́ yín ni mò ń wò báyìí, mi ò wo òkè mọ́." Láti ìgbà yẹn, bí bọ́ọ̀lù bá ṣe ń kàn mí lọ́wọ́ ni mo ń gbọ́ mímí rẹ̀ létí mi. A ò wọlé jẹun títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nígbà tó dé kàǹpù, ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní àwọn tó ti lo ọdún mẹ́jọ níbẹ̀ àti òun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n jọ jókòó síwájú fídíò XFL kan náà ni, kóòṣì gan-an ń dá fídíò dúró láti kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn àgbà yẹn pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi í pé kí ló ń wò tó fi ń mọ ìgbà tó máa gbéra. Mo bú sẹ́kún ayọ̀ lórí fóònù. Ọdún wo ni ẹni ọdún mẹ́jọ ì bá bi ọmọ ọ̀sẹ̀ kan ní irú ìbéèrè yẹn?

Ẹ̀gbọ́n mi ní tiẹ̀, ìbéèrè kan ló máa ń bi í lójoojúmọ́: "Ṣé o ti mu omi?" Ó mọ ìtàn Korey Stringer, ọmọ ọdún 27 tí ooru kàǹpù Minnesota pa ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2001. Ìgbà yẹn, wọ́n ṣì lè kó ìhámọ́ra wọ̀ ṣe ìgbáradì lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Àdéhùn ọdún 2011 ló fòpin sí i. Kí àwọn tó ń sọ pé òfin ń ba eré jẹ́ rántí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn.

Ìjà kan ni mo ní pẹ̀lú NFL, mi ò sì ní gbé e mì. Bí ẹ bá fẹ́ yí òfin, ẹ là á yé àwọn èèyàn kí kàǹpù tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2018, wọ́n fòfin de kí ẹnikẹ́ni tẹ orí ba láti fi akoto kọlu ẹlòmíràn. Òfin gidi ni, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nínú àwọn eré oṣù kẹjọ, aṣọ yẹ́lò ń já bọ́ káàkiri, kóòṣì ò mọ ohun tó máa kọ́ ọmọ. Oṣù ti ń parí lọ kí wọ́n tó ṣàlàyé pé èyí tó bá ṣèèṣì kò sí lára ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó ti lórúkọ lè dúró de àlàyé. Ọmọ tí eré mélòó kan péré ló ní láti fi ara rẹ̀ hàn kò lè dúró dè é.

Wọ́n ò mú ọmọ wa sí àwọn 53 yẹn. Wọ́n pè é sí ọ́fíìsì láàárọ̀, ó di ẹrù rẹ̀, ó sì padà sílé ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ẹgbẹ́ mìíràn pè é fún practice squad. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n béèrè ni fídíò kickoff rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń bi mí bóyá bọ́ọ̀lù yẹn ṣì wà nínú bùtù mọ́tò mi.