Ìkómọ Ti Parí n'Íbàdàn, Ọmọ Ò Tíì Jáde ní Leeds

Ẹ má tíì kí mi kú ewu ọmọ o, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rojọ́ ìyá ọkọ mi tán, torí tí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yìí mì báyìí omi ọyàn mi á kan.

Ọkọ mi ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ní Leeds níbí, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n máa ń fún aboyún ní déètì. Wọ́n á ka ọjọ́ 280 láti ìgbà tó rí nǹkan oṣù ẹ̀ kẹ́yìn, wọ́n á tún fi sikáànì wò ó, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á wá kọ ọ́ gàdàgbà sínú fáìlì. Agbẹ̀bí tó ń tọ́jú mi ṣàlàyé o, ó ní kí n má gbára lé e, pé nínú ọmọ ogún bóyá ni ẹyọ kan fi máa ń bọ́ sí ọjọ́ yẹn gan-an. Èmi gbọ́. Ọkọ mi náà jókòó síbẹ̀, ó ń mi orí bí alángbá. Ká tó dé ibi tí a ti ń wọ bọ́ọ̀sì ó ti ya fọ́tò déètì náà, ó ti fi ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀ lórí WhatsApp.

Sátidé ni déètì bọ́ sí. Màmá ò tilẹ̀ fìka ṣírò: ọmọ dé ní Sátidé, ìjọ kẹjọ ẹ̀ á bọ́ sí Sátidé tó tẹ̀ lé e, ta ló ń rí irú oore-ọ̀fẹ́ yẹn, ìkómọ tó bọ́ sí Sátidé láìjẹ́ pé ẹnì kan sún un síwájú! Kílẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ yẹn wọ́n ti gba kánópì, wọ́n ti bá alásè dúnàádúrà, wọ́n ti fún onílù ní àsansílẹ̀, wọ́n ti mú aṣọ ẹbí, àǹkárá aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ní gèlè búlúù ló máa bá a lọ, wọ́n sì ti ní kí wọ́n tẹ orúkọ ọmọ àti ọjọ́ ìkómọ sára abọ́ oníke tí wọ́n máa pín fún àlejò. Owó ẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin náà ẹ mọ ibi tówó ti ń wá. Voice note ìyá ọkọ mi, ìdájí ló máa ń wọlé, àdúrà ló fi ń bẹ̀rẹ̀, account number ló fi ń parí. Owó tí mo tù jọ fún kẹ̀kẹ́ ọmọ, tí mo fi ẹ̀yìn tó ń dùn mí gbé arúgbó dìde nílé ìtọ́jú àgbàlagbà, ó ti di ewúrẹ́ n'Íbàdàn.

Àwọn yòókù náà ò gbẹ́yìn. Àǹtí ọkọ mi kan ní kí a kú oríire o, pé a ti bí ọmọ òyìnbó sínú ẹbí, nígbà wo ni páálí ẹ̀ máa jáde, kó lè bá wọn fa àbúrò wọn wá. Ta ló fẹ́ ṣàlàyé fún Àǹtí pé láti 1983 ni ìjọba ibí ti ní bíbí ọmọ síbí nìkan ò sọ ọ́ di ọmọ ilẹ̀ wọn, àfi tí ìyá tàbí bàbá ẹ̀ bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wọn tàbí tó ti gba ìwé ìgbélùú tí kò lọ́jọ́. Àwa méjèèjì, fìsà iṣẹ́ ni. Ọmọ tí mo bí ní Leeds, ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni, òun náà á sanwó fìsà ẹ̀ bó bá ti já ọmú. Mo kàn ní "àmín, Àǹtí."

Déètì pé. Déètì kọjá. Ọmọ jókòó.

Ẹ ò lè mọ ohun tójú aboyún tó kọjá ọjọ́ ń rí lórí fóònù. "Ṣé ó ti dé?" "O ò tíì sọ̀?" Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston ní ṣé mo ti bí ni mi ò fẹ́ sọ, mo ní ẹ̀gbọ́n, mo ti bí, mo kàn gbé e pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni. Àwọn òyìnbó níbi iṣẹ́ ní kí n jẹ curry tó ta dáadáa, pé ó máa ń lé ọmọ jáde. Ata rodo tí mo ti ń jẹ láti kékeré ńkọ́, tó bá jẹ́ pé ata ló ń lé ọmọ, inú oṣù kẹta ni ti gbogbo wa ìbá ti já bọ́. Mo rìn yí Roundhay Park ká títí àwọn pẹ́pẹ́yẹ ibẹ̀ fi dá mi mọ̀. Mo jẹ ọ̀pẹ̀ òyìnbó títí ahọ́n mi fi bó. Agbẹ̀bí wá fi ìka ṣe nǹkan kan tí mi ò ní sọ níbí torí àwọn àna mi máa kà á, ó ní tí ọmọ bá kọjá ọ̀sẹ̀ 41 àwọn á gbà mí sílé ìwòsàn, àwọn á fi oògùn mú mi rọbí.

Ọ̀sẹ̀ 41 bọ́ sí Sátidé ìkómọ gan-an. Ẹ̀yin ẹ kúkú wo wàhálà.

Tọ́sìdé, ilẹ̀ ti ṣú, ọkọ mi ti lọ sẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, fídíò kọ́ọ̀lù wọlé. Màmá ni. Wọn ò kí mi. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, wọ́n ti dè ọ́."

Mo ní, "Ta ló dè mí, Màmá?"

"Ayé."

Wòlíì kan ní Mọ́níyà ló ríran sí wọn. Nǹkan kan wà nínú ilé wa tó wà ní dídè, òun ló di ọmọ lọ́wọ́. Gbogbo ohun tó wà ní dídè, kí n tú u. Gbogbo ohun tó wà ní títì, kí n ṣí i. Gbogbo ohun tó ní ìdérí, kí n ṣí ìdérí ẹ̀, kó wà bẹ́ẹ̀ kí n wá kúnlẹ̀ kí n pe ọmọ jáde. Mo ní, "Màmá, oṣù January la wà o, yìnyín wà níta." Wọ́n ní, "Alásè ti ra adìẹ." Kí lèèyàn fẹ́ fèsì sí ìyẹn?

Mo bẹ̀rẹ̀ látorí okùn bàtà. Bàtà iṣẹ́ ọkọ mi, bàtà tèmi, bàtà òjò. Màmá ní kí n máa gbé fóònù yí ká kí àwọn lè rí i. Mo ṣí wọ́dúróòbù, mo ṣí àpótí, mo ṣí ìkòkò, ìkòkò tí kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ mo ṣí i, mo ṣí fíríìjì, mo ṣí ẹ̀rọ ìfọṣọ, mo ṣí ìgò epo pupa, mo ṣí Maggi tí mi ò tíì lò, Màmá ní kí n bó o lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tú okùn kọ́tìnnì. Mo tú okùn ṣòkòtò ọkọ mi. Irun mi tí mo fowó gidi dì, Màmá ní kí n tú u, mo ní Màmá, ìyẹn ò ní ṣeé ṣe, a wá fẹnu kò sí ẹ̀yọ méjì níwájú.

Ó wá ku àpò èlùbọ́.

Ìyá tèmi ló fi àpò yẹn ránṣẹ́ láti Ṣakí, ẹnì kan tó ń bọ̀ ló bá wa gbé e. Wọ́n ya etí ìró wọn kan tó ti gbó, àdìrẹ tí wọ́n máa ń ró lọ ọjà nígbà tí mo wà ní pírámárì, òun ni wọ́n fi so ọrùn àpò náà, kókó méjì léra wọn bí wọ́n ṣe máa ń so ó. Láti ìgbà tó ti dé mi ò tíì tú u. Mo ní mo ń dúró dìgbà tí mo bá bímọ, ìyá mi ló máa tú u fúnra wọn, àwọn ló máa ro àmàlà fún mi. Wọ́n ti gba ìwé ìrìnnà o, wọ́n ti ya fọ́tò, wọ́n ti wọ mọ́tò lọ Èkó lọ tẹ̀ka. Àwọn tó ń fúnni ní fìsà kọ̀wé sí wọn pé kò dá àwọn lójú pé wọ́n máa padà sílé. Ìyá mi! Tí kì í sun Ìbàdàn mọ́jú torí adìẹ wọn! Wọn ò bínú, wọ́n kàn ní kò burú, pé kí n rọra máa fi omi gbígbóná wẹ̀, pé ọmọ ò kí ń tóbi jù fún ọwọ́ ìyá ẹ̀. Wọn ò pè mí léraléra. Wọ́n ń bẹ̀rù pé àwọn á dí mi lọ́wọ́. Ẹni tí mo fẹ́ kó máa pè mí ni kì í pè.

Màmá ń pariwo nínú fóònù pé kí ni mò ń wò, tú u. Mo tú u. Ara mi ò yá, àmọ́ mo tú u, mo ká aṣọ náà sínú àyà mi. Òórùn èlùbọ́ wá gba gbogbo ilé. Màmá ní, "Ó dáa, fèrèsé ńkọ́?"

Ẹ jẹ́ ká padà sórí yẹ̀yẹ́ jàre.

Ilé wa, ìyẹn àwọn ilé àdúgbò Harehills tí wọ́n kọ́ ẹ̀yìn mọ́ ẹ̀yìn, ilẹ̀kùn àbájáde kan ṣoṣo ló ní. Mo ṣí i gbayawu. Atẹ́gùn wọlé bí àlejò tí wọ́n ti ń retí, bílì kan fò lórí tábìlì, ó jáde, mo ní máa lọ láyọ̀. Màmá ní, "Mọ́tò ńkọ́?" Èmi pẹ̀lú ikùn yìí, nínú ìró tí mo so mọ́ àyà, mo bọ́ síta, mo ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ṣí búùtù, mo tú bẹ́líìtì tí ẹnikẹ́ni ò so. Ni áláàmù mọ́tò bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ni ajá ìyá òyìnbó ẹ̀gbẹ́ wa bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Èmi ò kà wọ́n sí, mo padà wọlé, mo kúnlẹ̀ láàárín ìkòkò, mo ń pariwo, "Ọmọ mi, ọ̀nà là! Jáde! Jáde!"

Ìyá òyìnbó yọjú lójú fèrèsé. Ẹ fi ojú tiẹ̀ wò ó: òru, ilé ṣí sílẹ̀, mọ́tò ṣí sílẹ̀, ẹrù kún ilẹ̀, obìnrin kan ń ké "jáde". Ó pe ọlọ́pàá.

Ọlọ́pàá méjì ló dé, ọkùnrin gàgàrà kan àti obìnrin kan, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Wọ́n ní ṣé olè ti lọ. Mo ní kò sí olè. Wọ́n ní ta ló da ilé rú báyìí. Mo ní èmi ni. Wọ́n ní ṣé ẹnì kan ń fipá mú mi ni. Mo dákẹ́, torí ìbéèrè yẹn, tí a bá fẹ́ sọ òtítọ́... Wọ́n ní ta ló tún wà nínú ilé. Mo ní ìyá ọkọ mi. Wọ́n ní níbo ni wọ́n wà. Mo nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àpò ìrẹsì.

Màmá ti rí wọn nínú fóònù. Ẹ̀yin èèyàn, wọn ò bẹ̀rù! Wọ́n ní, "Ọ́físà! Gọ́ọ̀dù bùlẹ́ẹ̀sì yú!" Wọ́n wá sọ̀ kalẹ̀ sí Yorùbá: "Bàtà wọn! Ìyàwó mi, wo bàtà wọn! Wọ́n gbé ìdè wọlé! Sọ fún wọn kí wọ́n tú u!"

Bí mo ṣe di ẹni tó kúnlẹ̀ níwájú ọlọ́pàá ìjọba nìyẹn, tí mo ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jọ̀ọ́ tú okùn bàtà wọn. Màmá ń bá mi túmọ̀ ẹ̀ láti Ìbàdàn: "Lúùsù am! Lúùsù am!" Gàgàrà yẹn sún sẹ́yìn, ó di tọ́ọ̀ṣì ẹ̀ mú. Obìnrin yẹn wo ikùn mi, ó wo Màmá, ó bi mí pé oṣù mélòó, mo ní ó ti kọjá déètì. Ó ní òun bí mẹ́ta. Ló bá bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn bàtà ẹ̀ méjèèjì, ó tilẹ̀ bá mi ti ilẹ̀kùn mọ́tò, ó ní kí n lọ sùn. Ọkùnrin yẹn ò tú tiẹ̀ o, ó kọ̀ jálẹ̀. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, Màmá gbà pé òun ló dá ọmọ dúró.

Ọkọ mi dé ní ìdájí, ó bá mítà gáàsì tó ń mú ilé móoru ní òdo. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ọmọ ìyá ẹ̀ ni, ó mọ̀.

Sátidé pé, wọ́n kó ọmọ jáde. Ọmọ wo? Fọ́tò sikáànì ni. Wọ́n ti sọ ọ́ di bánà ńlá, wọ́n gbé e kọ́ síwájú kánópì. Mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Leeds, mo ń fi fóònù wo ìkómọ ọmọ tó ń gbá mi nípàá lọ́wọ́ lọ́wọ́. Onílù ń ki ìdílé, àǹkárá aláwọ̀ ọsàn kún ilẹ̀, Pásítọ̀ bu oyin, ó fi kan ẹnu ọmọ nínú fọ́tò, mi ò mọ̀ bóyá ẹnu ni tàbí orúnkún. Wọ́n fi iyọ̀ kàn án. Wọ́n fi ataare kàn án. Ọmọ fò sókè nínú mi, mo rò pé ata yẹn ló débẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n pè mí sílé ìwòsàn, wọ́n ki oògùn sí i, kò dá wọn lóhùn, wọ́n gbé dírípù kọ́ mi, ìgbà yẹn ló wá rántí pé òun ní ibi tí òun ń lọ. Èyí tó kù, obìnrin ẹgbẹ́ mi mọ̀ ọ́n. Mo fa gáàsì tó ń dín ìrora kù tí wọ́n fún mi títí mo fi ń bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ni gàgàrà ọlọ́pàá yẹn, mo ní tú bàtà ẹ, ó sì tú u, ọmọkùnrin náà ò rójú. Ìdájí ni ọmọ ké. Wọ́n gbé tíì àti búrẹ́dì yíyan fún mi. Búrẹ́dì! Ẹni tó bí ọmọ! Mo jẹ ẹ́ tán, mo bèèrè òmíràn.

Ìyá mi ni mo kọ́kọ́ pè. Wọ́n ní "ó ké dáadáa?" Mo ní ó ké. Wọ́n ní "ó tó," wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ náà ní oríkì, gbogbo wọ́ọ̀dù dákẹ́.

Orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára abọ́, Màmá ní ká pa á tì, pé Ọmọ́pẹ́ ni ọmọ mú wá láti ọ̀run, ẹnikẹ́ni ò lè bá a jà. Ọjọ́ 42 ni ìjọba fún wa láti lọ fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé gbogbo ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ orúkọ tuntun. N'Íbàdàn, abọ́ oníke tó lé ní igba wà nílé onílé tó sọ pé wọ́n ti kó ọmọ mi jáde kí wọ́n tó bí i.

Lánàá voice note tún wọlé ní ìdájí. Àdúrà gùn díẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ìyẹn ti kọ́kọ́ já mi láyà. Màmá ní àwọn àgbà ẹbí ti jókòó, wọ́n ní ìkómọ tí kò sí ọmọ níbẹ̀, àṣedánrawò ni, wọn ò lè kà á, ẹ̀ẹ̀kan sí i la máa ṣe é, kí àwọn tó wọ àǹkárá lọ́jọ́sí má bàa rò pé wọ́n fi àwọn ṣeré. Mo yíjú sí ọkọ mi pé ṣé ó gbọ́ ohun tí ìyá ẹ̀ ń sọ, ó ń pa ọmọ lẹ́kún, kò wojú mi, ó ní kí n má bínú, pé aláwọ̀ ewé ni aṣọ tọ̀tẹ̀ yìí, òun ti san tiwa.