Síǹkì kì í wo òtútù àyà ọmọdé

Ní oṣù tó kọjá, mo wà ní ẹnu ọ̀nà kẹ́míìsì kan ní Láfẹnwá, ní Abẹ́òkúta níbí, nígbà tí ìyá kan pọn ọmọ ọdún kan dé. Bí ó ti tú ọ̀já, tí ó sì ká ẹ̀wù ọmọ náà sókè, mo rí i pé gbogbo ìgbà tí ọmọ náà bá mí sínú ni abẹ́ ìhà rẹ̀ ń jìn wọlé, tí ihò imú rẹ̀ sì ń fẹ̀. Síǹkì, èròjà aṣaralóore kan tí wọ́n ń tà bí oògùn, ni ìyá náà fẹ́ rà, ó ní síǹkì náà ló wo ẹ̀gbọ́n ọmọ náà sàn nígbà tó ń yàgbẹ́ gbuuru.

N kò bá a wí, nítorí òtítọ́ ni ó sọ nípa ìgbẹ́ gbuuru. Láti ọdún 2004 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF ti ní kí a máa fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru ní síǹkì pẹ̀lú ORS, ìyẹn omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìwádìí kan láti Bangladesh fi hàn pé àwọn ọmọ tí òtútù àyà mú gidigidi, tí wọ́n sì fi síǹkì kún oògùn wọn, tètè gbádùn ju àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán irú rẹ̀ wò ní Nepal àti Uganda, síǹkì kò mú kí ara àwọn ọmọ tètè yá. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí mọ̀ ni pé nínú àwọn ìwádìí wọ̀nyí, títí kan ti Bangladesh, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn ni wọ́n fi tọ́jú àwọn ọmọ náà. Àfikún lásán ni síǹkì jẹ́.

Lóòótọ́, síǹkì tí ọmọ ń lò déédéé nígbà tí ara rẹ̀ le lè dín òtútù àyà kù, pàápàá bí oúnjẹ rẹ̀ kò bá ṣara lóore tó. Ìdènà nìyẹn. Bí kòkòrò bá ti wọ ẹ̀dọ̀fóró, tí omi àti ọyún sì ti ń kún ibi tí ó yẹ kí afẹ́fẹ́ wà, síǹkì kò lè pa kòkòrò náà. Amoxicillin, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, tí elétò ìlera wọ̀n gẹ́gẹ́ bí ọmọ ṣe tẹ̀wọ̀n tó ni a kọ́kọ́ ń lò. Ọmọ tí kò lè mu ọmú mọ́, tàbí tí gìrì ń mú, nílò abẹ́rẹ́, ó sì lè nílò afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ní ilé ìwòsàn.

Ẹ lè fi aago ka mímí ọmọ nílé fún odindi ìṣẹ́jú kan, nígbà tí kò sunkún. Bí ó bá tó 60 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, 50 fún ọmọ oṣù méjì sí mọ́kànlá, tàbí 40 fún ọmọ ọdún kan sí márùn-ún, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Mo ka ti ọmọ Láfẹnwá náà lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀: 56 ni. Mo fi aago hàn án, kò sì béèrè síǹkì mọ́. Ọ̀kadà ló pè, ó ní kí ó gbé àwọn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjàyè.