Èsì wa sí Mọ̀mí Bruno lórí ẹní gel tí wọ́n fún ní star 2

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta Mọ̀mí Bruno, ẹ kú ewu o. Mo ti ka nǹkan tẹ́ ẹ kọ, pé ẹ tẹ́ ẹní gel tó ń mú ara ajá tutù, tẹ́ ẹ rà lọ́wọ́ wa, sí báńkónì laago kan ọ̀sán Sátidé, NEPA ti mú iná lọ, Bruno ajá yín sùn lé e, kò pẹ́ ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí ọlọ́pàá lé, ó bì, ẹ da táwẹ́ẹ̀lì tútù bò ó, kò gbọ́, ẹ gbé e sínú kẹ̀kẹ́ lọ bá dókítà, pé star 2 yẹn gan-an torí pé dispatch tètè dé ni. Mi ò bá yín jiyàn. Ká ní ajá mi ni, star 1 ni màá fún.

Ibi tí ẹ̀bi wa wà rèé. Páálí ẹní yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ó máa ń tutù láti àárọ̀ dalẹ́, ọmọ tó ń bá wa ṣe pọ́ọ̀stì kàn dà á kọ bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà ò yẹ̀ ẹ́ wò. Irọ́ ni. Kò sí yìnyín nínú ẹ̀, kò sí iná, ooru ara ajá ló ń fà mu, tó bá ti mu ún yó ó parí nìyẹn, àfi kí ajá dìde fún un díẹ̀. Kó tó lè fa nǹkan kan rárá, ibi tẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sí gbọ́dọ̀ tutù ju ara ajá lọ, ara ajá sì máa ń wà ní bíi 38°C sí 39°C. Báńkónì onísìmẹ́ńtì tóòrùn ti ń pa látàárọ̀ ńkọ́? Ẹní yẹn ti gbóná ju Bruno lọ kó tó dùbúlẹ̀ lé e. Inú ilé ni kẹ́ ẹ máa tẹ́ ẹ sí, lórí táìsì, níbi tí oòrùn ò dé. A ti yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lórí péèjì wa.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ eléyìí torí àwọn tó ń kà á tí wọ́n fẹ́ ra Frenchie (French bulldog) tàbí pug, àwọn ajá olójú pẹlẹbẹ bíi Bruno, torí fọ́tò Instagram. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, ti àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ yẹn ò tó nǹkan, ẹnu àti imú ló fi ń tú ooru dànù, bó ṣe ń mí hẹlẹ omi ẹnu ẹ̀ ń gbẹ, ooru ń bá a lọ. Bingo àdúgbò nímú gígùn, afẹ́fẹ́ ráyè. Ti Bruno, imú ti wọlé sójú pẹlẹbẹ, ihò ẹ̀ há, àjà ẹnu tó wà lẹ́yìn gùn débi pé ó ń dí ọ̀nà ọ̀fun, bó ṣe ń mí tó ni ọ̀fun ń wú, bó ṣe ń wú ni afẹ́fẹ́ ń dín kù, ohun tó fẹ́ fi tutù ló tún wá ń fún un lọ́rùn. Ní UK tí oòrùn wọn ò tó tiwa, wọ́n ṣèwádìí lórí àwọn ajá tí ooru gbé dé ọ̀dọ̀ dókítà ní 2016, ewu ti English bulldog tójú òun náà pẹlẹbẹ tó bíi ìlọ́po 14 ti Labrador tímú ẹ̀ gùn, Frenchie bíi ìlọ́po 6. Ẹ wá gbé irú ẹ̀ wá sí Èkó nínú oṣù kẹta, tí afẹ́fẹ́ pàápàá rin gbingbin tí aṣọ ò tètè gbẹ lórí okùn, ṣé omi ẹnu ajá ló máa gbẹ?

Ti táwẹ́ẹ̀lì yẹn, ẹ má dà á bò ó mọ́ jọ̀ọ́, kì í pẹ́ gbóná, á wá sé ooru mọ́ ọn lára bíi bùláńkẹ́ẹ̀tì. Omi ẹ̀rọ lásán ni kẹ́ ẹ máa dà sí i lára, ikùn, abẹ́ itan, ibi gbogbo, kẹ́ ẹ máa fẹ́ ẹ, NEPA ò ní ká má lo abẹ̀bẹ̀. Ẹ má rọ omi sí i lọ́fun o, ó lè gba ibòmíì lọ. Ẹ kọ́kọ́ tù ú lára ná kẹ́ ẹ tó gbéra lọ bá dókítà, àmọ́ ẹ má jókòó tì í tó bá ń bì, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tàbí tí ahọ́n ẹ̀ ti ń di búlúù, tẹmómítà tó bá sì ti kọjá 40, wàhálà ti dé. Kẹ̀kẹ́ tẹ́ ẹ wọ̀ yẹn gan-an, atẹ́gùn ẹ̀ ràn án lọ́wọ́ jàre.

Owó ẹní ti wọ àkáǹtì yín láàárọ̀ yìí, ẹ má dá ẹní padà. Mo tún rí i nínú fọ́tò pé kọ́là lẹ fi ń fà á, ìyẹn náà ń fún un lọ́rùn, ẹ wọn àyà ẹ̀ kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí DM, a ó fi háńẹ́ẹ̀sì, okùn tí wọ́n ń so mọ́ àyà ajá dípò ọrùn, ránṣẹ́, ẹ ò ní san nǹkan kan, kẹ́ ẹ sì máa mú un jáde kí oòrùn tó là. Ẹ bá wa kí i o, ṣùgbọ́n ẹ dín súyà yẹn kù, ikùn ẹ̀ nínú fọ́tò yẹn ti fẹ́ kanlẹ̀.