Bàálù ọ̀sán ni ká béèrè, kì í ṣe ti ìdájí

Láti oṣù Kẹfà wọ oṣù Kẹsàn-án, ẹni tó bá jí láàárọ̀ ní Ṣábẹ̀, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbí, kì í rí orí òkè. Ìkuukùu á ti bò ó mọ́lẹ̀ láti òru. Àwọn ìyá ọlọ́jà á ti pàtẹ gàrí, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ láti Parakú á ṣì máa tanná bọ̀ lójú títì, òkè kò tíì yọjú. Ọjọ́ mìíràn, ọ̀sán á fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n kí á tó rí i gbangba. Tó bá wá di ìgbà ọyẹ́, láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì, eruku aṣálẹ̀ ni yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìkuukùu.

A mẹ́nu ba èyí nítorí ọ̀rọ̀ bàálù olówó pọ́ọ́kú tí kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn wa. Wọ́n ní bí pápá bàálù Tourou ní Parakú bá ti di ohun tó yẹ kó dà, kí ìjọba wá ilé iṣẹ́ tí yóò máa gbé wa lọ sí Kútọnu ní ìdájí, ká ṣèpàdé níbẹ̀, ká sì padà wá sùn nílé. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Kì í ṣe pé a kò fẹ́ bàálù. Ojú títì Ṣábẹ̀ sí Kútọnu tó nǹkan bí 250 kìlómítà, réluwéè tí àwọn bàbá wa ń wọ̀ kò sì gbé èrò mọ́. Ìdájí yẹn ni a kò fara mọ́, àti gbọ̀ngàn èrò onígíláàsì tó máa ń gba gbogbo ojú wa nígbà tí ọ̀rọ̀ pápá bàálù bá délẹ̀.

Òwò bàálù olówó pọ́ọ́kú kì í ṣe ìtọrẹ àánú. Láti ìgbà tí Southwest, ilé iṣẹ́ bàálù Amẹ́ríkà kan, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fò ní Texas lọ́dún 1971, tí Ryanair ti ilẹ̀ Ireland sì wá kọ́ ọ lára wọn ní Yúróòpù, ọgbọ́n kan náà ni wọ́n ń ta: irú ọkọ̀ kan, Boeing 737, pápá kékeré tí owó rẹ̀ kò wọ́n, bíi Beauvais tó jìn tó 80 kìlómítà sí Paris, kí ọkọ̀ má sì pẹ́ nílẹ̀. Ìṣẹ́jú 25 ni Ryanair ń wá láti já èrò, kó òmíràn, kó sì gbéra. Ọkọ̀ tó wà nílẹ̀, owó ló ń jẹ. Inú òfuurufú ló ti ń pa owó. Nítorí náà, bí kùrukùru bá dá ọkọ̀ dúró fún wákàtí méjì láago mẹ́fà àárọ̀, ìrìn kejì á pẹ́, ìkẹta á pẹ́, títí dé ti alẹ́, nígbà tí wákàtí tí òfin fún awakọ̀ láti ṣiṣẹ́ á ti tán, tí wọ́n á ní kí èrò tó ṣẹ́kù lọ wá ibi sùn. Ilé iṣẹ́ tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní owó gọbọi lè fara da irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń jẹ èrè táṣẹ́rẹ́ lórí èrò kọ̀ọ̀kan kò lè fara dà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Yóò palẹ̀ mọ́, yóò bá tirẹ̀ lọ.

Kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé òun kò mọ bí ojú ọjọ́ wa ṣe rí. Ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje ọdún 2016, àwọn onímọ̀ láti Jámánì àti Faransé wá pàgọ́ sí Ṣábẹ̀ níbí, lábẹ́ iṣẹ́ ìwádìí kan tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù náwó sí, tí wọ́n ń pè ní DACCIWA. Ibùdó mẹ́ta ni wọ́n yàn: Kúmásì ní Gánà, Ilé-Ifẹ̀ ní Nàìjíríà, àti Ṣábẹ̀. Wọ́n ń fi bàlúùnù ránṣẹ́ sókè tọ̀sán-tòru, páálí kékeré kan á so mọ́ ìdí rẹ̀, èyí á máa sọ bí òtútù, ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́ ṣe ń yí bí ó ti ń gòkè. Ohun tí wọ́n rí kò ṣòro yé àgbẹ̀ kankan. Afẹ́fẹ́ tútù láti òkun á wọ inú ilẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, á máa sáré bọ̀ ní gbogbo òru, á mú kí ilẹ̀ tutù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìkuukùu á ti tẹ́ pẹrẹsẹ ní nǹkan bí 300 mítà sókè. Kì í tú ká àfi bí ọ̀sán bá ń sún mọ́. Ìwé ìwádìí náà wà nílẹ̀ fẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. A kò tíì gbọ́ olóṣèlú kan kó mẹ́nu kàn án nígbà tó bá ń ṣèlérí bàálù.

300 mítà yẹn gba àlàyé, torí ibẹ̀ ni owó wà. Ní pápá tó ní ẹ̀rọ ILS, tó ń fi rédíò júwe ọ̀nà àti ìdagẹ̀rẹ̀ fún awakọ̀, 300 mítà kì í ṣe nǹkan kan. Lórí ìpele tó kéré jù lọ, CAT I, awakọ̀ lè bọ̀ wálẹ̀ nínú ìkuukùu títí dé 60 mítà sílẹ̀ kó tó ní láti rí iná ojú ọ̀nà tí bàálù ń balẹ̀ sí, bí ojú bá ṣáà ti ríran dé 550 mítà nílẹ̀. Níbi tí kò ti sí ẹ̀rọ kankan, ojú ara rẹ̀ ni awakọ̀ fi ń wá ilẹ̀, 300 mítà kan náà sì lè mú kó ṣẹ́rí padà. Ìkuukùu kan, pápá méjì: ọ̀kan ń gba èrò, èkejì ti tì pa. Bergamo lẹ́bàá Milan, tí Ryanair fi ṣe ibùdó ńlá, wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí kùrukùru ti pọ̀ ju tiwa lọ fíìfíì. Ẹ̀rọ CAT III, ìpele tó ga jù lọ, ni wọ́n fi ń bá a yí.

A kò ní kí Parakú ra CAT III. Ọ̀nà kan wà tí kò gba kí èèyàn ri ẹ̀rọ ńlá mọ́lẹ̀. ASECNA, àjọ tó ń bójú tó òfuurufú fún wa láti ọdún 1959, ti ń dán ìtọ́sọ́nà sàtẹ́láìtì wò láti ọdún 2020. Sàtẹ́láìtì Nàìjíríà, NigComSat-1R, ni wọ́n ń gbà fi ránṣẹ́, wọ́n sì ti fi ọkọ̀ dán an wò ní Lòmé lọ́dún 2021. Irú rẹ̀ ni àwọn pápá kéékèèké ń lò ní Yúróòpù. Kí ìjọba wa jà fitafita kí Parakú wà lára àwọn tí yóò kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀, kí wọ́n ra iná ojú ọ̀nà tó pé, kí wọ́n sì gba òṣìṣẹ́ ojú ọjọ́ tí yóò wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru. Sàtẹ́láìtì kò lè gbá eruku ọyẹ́ kúrò nílẹ̀, òótọ́ ni. Ọjọ́ tí ojú kò bá ríran, bàálù kò gbọdọ̀ balẹ̀, ẹni yòówù kó wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé àṣejù ni èyí, kó rántí Linate ní Milan. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 2001, ọkọ̀ kékeré kan ṣìnà nínú kùrukùru, ó wọ ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá ti ń sáré láti gbéra. Èèyàn 118 ló kú. Pápá náà kò ní rédà ilẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ti yọ ti àtijọ́, tuntun kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ítálì nìyẹn o. Ní tiwa, ẹrù àpọ̀jù ló já Boeing 727 lulẹ̀ ní Kútọnu lọ́jọ́ Kérésìmesì 2003, kì í ṣe kùrukùru, àmọ́ èèyàn 141 ló bá a lọ, a sì mọ ohun tí “kò séwu” máa ń dá sílẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àkókò, èyí tí kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Kí bàálù náà fi àárọ̀ ṣiṣẹ́ ní etíkun, láàárín Kútọnu, Lòmé àti Accra, kó wá kàn wá láàárín ọjọ́ nígbà tí òkè Ṣábẹ̀ ti hàn. Ilé iṣẹ́ náà kò ní pàdánù ìrìn àárọ̀, àwa náà kò ní máa jókòó sí Tourou láti aago márùn-ún ká máa wojú ọ̀run. Àwọn tí yóò kọ̀ ọ́ ni àwọn ọ̀gá tó ní ìpàdé aago mẹ́sàn-án. Ìyá tó ń ta kajú kò ní ìpàdé aago mẹ́sàn-án. Ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ní Kútọnu, bàálù tó dájú ló ń wá. Lóòótọ́, ẹni tó bá lọ lọ́sàn-án lè sun Kútọnu kó tó padà, ìnáwó sì nìyẹn. A gbà bẹ́ẹ̀. Ó ṣì sàn ju kéèyàn jí ní ìdájí kí wọ́n tún dá a padà sílé lọ.

Ní ti owó orí tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn olórí ECOWAS ti fẹnu kò ní oṣù Kejìlá 2024 pé kí owó orí ìrìn òfuurufú kúrò nílẹ̀ láti oṣù Kìíní 2026. Kí Bẹ̀nẹ̀ ṣe é délẹ̀délẹ̀, ó tán.

Ṣùgbọ́n kí àwọn mérì wa ṣọ́ra fún àdéhùn. Àwọn ilé iṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú mọ bí a ṣe ń gba owó lọ́wọ́ ìlú kí wọ́n tó wá. Àjọ Yúróòpù dá ẹjọ́ Ryanair pẹ̀lú pápá Charleroi ní Bẹ́ljíọ̀mù lọ́dún 2004 lórí irú rẹ̀. Bí kọmúùnù bá fẹ́ dá owó, kó jẹ́ lórí èrò tó balẹ̀, kì í ṣe lórí ìlérí. Kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé ẹni tí yóò bọ́ èrò, tí yóò sì wá ibi sùn fún wọn, lọ́jọ́ tí kùrukùru bá dí ọ̀nà. Òfin Yúróòpù tọdún 2004 yọ ojú ọjọ́ kúrò nínú owó gbà-má-bínú, ṣùgbọ́n kò yọ oúnjẹ àti ibùsùn kúrò.

Ohun tí a ń bi àwọn aṣòfin tó ń ṣojú ẹkùn Collines àti Borgou kò pọ̀. Nínú owó tí wọ́n bá tún yà sọ́tọ̀ fún Tourou, èló ni ti iná ojú ọ̀nà, ìtọ́sọ́nà àti ẹ̀rọ ojú ọjọ́, èló sì ni ti gbọ̀ngàn? Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ mínísítà ní gbangba, kí wọ́n sì tẹ ìdáhùn rẹ̀ jáde. Àwa náà yóò tẹ̀ ẹ́ síbí.